Ìtọ́jú Ọkọ̀ Òfurufú Ogun

Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ní Ọ̀yọ́ Ilé ń jagun, ẹṣin ni agbára wọn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ àwọn akọni tí ń gùn ún lọ sójú ogun. Àwọn akéwì a máa kì wọ́n, àwọn ọmọdé a sì máa fi orúkọ wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti Òkè Ọya ni a ti ń rà á wá, lọ́wọ́ àwọn Tápà àti Haúsá. Bí ó bá sì dé ilẹ̀ igbó, eṣinṣin búburú kan a máa kó àìsàn bá a, kì í sì í pẹ́ kú. Nítorí náà, ẹni tí ń gé koríko fún un, ẹni tí ń fún un lómi, ẹni tí ń rán gàárì àti ìjánu, àti ẹni tí ń lọ sí ọjà òkè láti ra òmíràn, gbogbo wọn ni ó ní ọwọ́ nínú ìṣẹ́gun tí a fi ń yin ẹni tí ó gùn ún. Olókùn-ẹṣin kì í ṣe oyè kékeré láàfin Ọ̀yọ́. Bí ọ̀nà ẹṣin bá dí, àwọn ẹlẹ́ṣin a di ẹlẹ́sẹ̀.

Ohun tí ẹṣin jẹ́ fún Ọ̀yọ́ nígbà náà ni ọkọ̀ òfurufú jẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òde òní. Bí mo bá bi kíláàsì kan léèrè pé, "Ta ni yóò fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú?" ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni yóò nà sókè. Bí mo bá tún bèèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni n óò gbọ́: láti wa ọkọ̀. N kò tíì rí ọmọ tí ó wí fún mi pé ilé ìkẹ́rùsí ni òun fẹ́ máa tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ẹnìkan tí ó jókòó sínú ọkọ̀ lókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nílẹ̀ tí ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ dilẹ̀ kí ó tó lè lọ kí ó sì bọ̀. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: pípèsè gbogbo ohun tí ọkọ̀ ogun ń lò, àti ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ń gbèrò àtirà á títí di ọjọ́ tí a óò tú u palẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ lò kò jìnnà sí wa. Ní oṣù June 1940, ilẹ̀ Ítálì dara pọ̀ mọ́ Jámánì láti bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Òkun Mẹditaréníà, tí í ṣe ọ̀nà tí ó yá jù láti Ìlú Ọba dé Íjíbítì, di ojú ewu. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Íjíbítì sì ń fẹ́ ọkọ̀ òfurufú lójú méjèèjì. Bí a bá ní kí ọkọ̀ ojú omi gbé wọn yí gúúsù Áfíríkà ká, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni yóò gbà. Ni àwọn aláṣẹ bá yan Takoradi, èbúté tí a ṣí ní 1928 ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí í ṣe Ghana lónìí.

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Ní Ìlú Ọba, a óò tú ọkọ̀ òfurufú sí apá sí apá, a óò dì í sínú àpótí pákó ńláńlá, a óò sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá gúnlẹ̀ sí Takoradi, àwọn mẹkáníìkì yóò ṣí àpótí náà, wọn yóò so ìyẹ́ mọ́ ara, wọn yóò tan ẹ́ńjìnnì wò, wọn yóò yẹ gbogbo okùn àti ọ̀pá epo rẹ̀ wò, ẹnìkan yóò sì fò ó yí pápá ká kí a tó gbà pé ó yẹ fún ìrìn àjò. Ìrìn àjò náà kì í ṣe kékeré. Láti Takoradi sí Èkó, láti Èkó sí Kánò, láti Kánò sí Maiduguri, láti ibẹ̀ sí Fort Lamy ní ilẹ̀ Chad, ìlú tí a ń pè ní N'Djamena lónìí. Lẹ́yìn náà ni yóò la ilẹ̀ Sudan kọjá dé Khartoum, kí ó tó tẹ̀ lé odò Náílì lọ sí Kairo. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 3,700 máìlì. Ilé iṣẹ́ Imperial Airways ti fi ọkọ̀ tí ń gbé lẹ́tà àti èrò la apá púpọ̀ nínú ọ̀nà yìí láti 1936, nítorí náà pápá wà fún wọn láti bà lé. Ní oṣù September 1940 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra: ọkọ̀ Hurricane mẹ́fà, tí Blenheim kan ṣáájú. Ìdí tí Blenheim fi ṣáájú ni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni Hurricane ń gbà, kò sì sí ẹni tí yóò máa wo àwòrán ilẹ̀ fún un. Bí adìẹ ti ń kó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ṣe la aṣálẹ̀ kọjá. Kí ogun tó parí, ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà yìí ju 4,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ lórí epo. Ọkọ̀ tí ó bà lé sí Maiduguri kò gbọdọ̀ bá àgbá òfìfo níbẹ̀. Ta ni yóò gbé epo dé ibẹ̀? Reluwé gbé e láti Èkó dé Kánò, ṣùgbọ́n ojú irin kò tíì dé Maiduguri nígbà náà. 1964 ni ó tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gba ojú ọ̀nà iyanrìn lọ, òun náà yóò sì máa jó epo bí ó ti ń gbé epo lọ. Bí ibùdó bá ṣe jìnnà sí èbúté tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí a fi ń gbé ẹrù ń pọ̀ tó. Oúnjẹ, omi mímu, ibùsùn, táyà, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní páàtì, gbogbo rẹ̀ ni a ní láti ti kó síbẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó yọ lókè. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ lódì yóò rí ọkọ̀ mẹ́fà tí ó dúró sójú kan bí òkúta. Iyanrìn pẹ̀lú kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi: a máa wọ inú rẹ̀, a máa ha á bí ìgbà tí a fi yanrìn fọ ìkòkò. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti fò láti Takoradi dé Kairo ti lo apá kan nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó fojú kan ọ̀tá.

Ọ̀nà tí ó gùn báyìí, ibi kan ṣoṣo tí ó bá já lára rẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ ìjọba Faransé ni Chad wà, ilẹ̀ Faransé sì ti túúbá fún Jámánì. Bí kì í bá ṣe ti Félix Éboué, gómìnà aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Guyane, tí ó kéde ní ọjọ́ 26 oṣù August 1940 pé ẹ̀yìn Ọ̀gágun de Gaulle ni Chad wà, Fort Lamy ì bá ti di ilé ọ̀tá. Àwọn ará Jámánì mọ èyí dáadáa. Ní ọjọ́ 21 oṣù January 1942, wọ́n rán ọkọ̀ Heinkel kan ṣoṣo la aṣálẹ̀ kọjá láti gúúsù Líbíyà, ó sì ju àdó olóró sí Fort Lamy. Epo tí a kó jọ síbẹ̀ gbiná. Ṣùgbọ́n bí Heinkel náà ti ń padà bọ̀, epo tirẹ̀ tán; ó bà lé sínú iyanrìn níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i. Ẹni tí ó wá jó epo onílé ni àìsí epo dá mọ́ ojú ọ̀nà! N kò mọ ìtàn tí ó fi bí ìpèsè ti rí hàn ju èyí lọ.

Nígbà tí ogun bá parí, ìpèsè a rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kì í rọlẹ̀. Àgbẹ̀ a máa tún ọkọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ó bá dá. Ọkọ̀ òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí yóò ti dá, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ó ṣe é ti ṣírò iye wákàtí tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè fi fò, tàbí iye ìgbà tí ó lè bà lé, tàbí iye ọdún tí ó lè lò; bí iye náà bá pé, a óò yọ ọ́ kúrò, ìbáà máa dán bí ìgbà tí a rà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pe èyí ní ìnáwó lásán. Ṣùgbọ́n irin a máa rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rẹ ènìyàn, ojú lásán kì í sì í rí i títí yóò fi kán. Àyẹ̀wò wà tí a ń ṣe kí ọkọ̀ tó fò àti nígbà tí ó bá bà lé. Òmíràn wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tí ó tóbi jù sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí a óò tú ọkọ̀ náà ká pátápátá tí a óò sì tún un tò. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni a ń kọ sílẹ̀. Ọkọ̀ ogun kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìtàn tirẹ̀: ọjọ́ tí ó fò, ohun tí awakọ̀ kíyè sí, ẹ̀yà tí a pààrọ̀, nọ́ńbà ẹ̀yà náà, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá dé bóòtù kan yóò fọwọ́ sí i; ẹlòmíràn yóò yẹ iṣẹ́ náà wò, òun náà yóò sì fọwọ́ sí i. Nínú àpótí irinṣẹ́, àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan wà ní ibi tí a ti ń gbé e sí, kí ó lè hàn gbangba nígbà tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù. Bí sípánà kan bá sọnù, ọkọ̀ kò ní gbéra títí a ó fi rí i, nítorí ó lè jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ni ó wà. Ní àwọn ibùdó ogun, ẹ óò rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú pápá, tí wọ́n ń rìn pẹ̀lú ìdojúkọlẹ̀, tí wọ́n ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ àti ìṣó. Àlejò lè rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ẹ́ńjìnnì tí ń fa afẹ́fẹ́ sínú kò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí òkúta.

Ìdánwò kan wà tí ó máa ń bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yà bá tán ní ilé ìkẹ́rùsí. Yóò wo ọkọ̀ kan tí ó dúró ní ìgun, yóò ní kí a tú ẹ̀yà lára rẹ̀ kí a fi tún èkejì ṣe. Fún ọjọ́ kan, ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì, ẹ̀yà náà ti fara gbá nínú títú àti títò, ọkọ̀ tí a sì bọ́ láṣọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dìde mọ́.

Ní ọwọ́ kejì, ọkọ̀ tí a bá tọ́jú lè pẹ́ ju ọgbọ́n ẹni tí ó ṣe é lọ. Ní 1952 ni ọkọ̀ B-52 ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fò, ní 1962 ni a sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn. Síbẹ̀ àwọn tí ó kù nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ń wà wọ́n sì kéré sí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ orí. Kí èyí má ṣe tàn wá jẹ. Pé ọkọ̀ fò lánàá kò wí pé yóò fò lónìí, ìtàn Nimrod sì jẹ́rìí sí i.

Ní 1969 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Nimrod ṣọ́ ojú òkun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ní ọ̀pá kan tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà kọjá láti ara ẹ́ńjìnnì kan sí òmíràn. Nígbà tí a tún un ṣe lẹ́yìn náà, a fi ọ̀pá gbígbóná mìíràn kún un. Ní 1982, nígbà ogun erékùṣù Falkland, a so ohun èlò mọ́ ọn kí ó lè máa gba epo láti ara ọkọ̀ mìíràn lókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìyípadà wọ̀nyí ni ó ní ìdí pàtàkì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ó wò ó dáadáa pé epo àti ọ̀pá gbígbóná ti di aládùúgbò, ní ibi tí kò sí ohun tí a fi lè paná. Ní ọjọ́ 2 oṣù September 2006, Nimrod kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ XV230 ṣẹ̀ṣẹ̀ gba epo tán lókè ilẹ̀ Afghanistan nígbà tí iná sọ nínú rẹ̀. Kò rí ààyè bà lé. Àwọn 14 tí ó wà nínú rẹ̀ kú.

Ìjọba yan agbẹjọ́rò kan, Charles Haddon-Cave, láti wádìí ọ̀ràn náà, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2009. Ohun tí ó rí bani lọ́kàn jẹ́ ju iná náà lọ. Láàrin 2001 sí 2005, a ti gbé iṣẹ́ fún àwọn ènìyàn láti kọ ìwé kan tí yóò ṣe àwárí gbogbo ewu tí ó wà lára Nimrod. Wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọkọ̀ tí ó ti fò fún ọgbọ̀n ọdún kò lè ní ewu lára. Ọ̀pọ̀ ewu ni wọ́n fi sílẹ̀ láìyanjú, ìwé náà sì di ìwé tí a kọ kí a lè wí pé a kọ ọ́. Ó wí pẹ̀lú pé fún ọdún púpọ̀ ni àwọn aláṣẹ ti gbájú mọ́ dídín owó kù àti títún ètò tò, títí tí ààbò fi di ohun ẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ń pa ọkọ̀ òfurufú mọ́ ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Orí tábìlì, nínú fáìlì, ni a ti sọ àwọn 14 wọ̀nyí nù.

Owó ni ọ̀ràn tí ó kù. Ilé iṣẹ́ tí ń yẹ ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà wò sọ pé, nínú 100 dọ́là tí ohun èlò ogun ńlá yóò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, nǹkan bí 70 ni ó ń bá lílò àti ìtọ́jú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní owó ọkọ̀ nìkan lọ́wọ́ kò tíì ní owó ọkọ̀. Nàìjíríà ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ní 1983 ni a ṣe àdéhùn àtira ọkọ̀ Jaguar 18, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jùmọ̀ ṣe, a sì kó wọn sí Makurdi. Ọkọ̀ dáradára ni. Ṣùgbọ́n ní 1986 owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, agbára náírà sì dín kù, bẹ́ẹ̀ ni owó òkèèrè ni a fi ń ra páàtì. Nígbà tí yóò fi di 1991, a ti dá gbogbo wọn dúró. Gẹ̀ẹ́sì lo Jaguar tirẹ̀ títí di 2007. Àwọn ará Íńdíà, tí ilé iṣẹ́ wọn tí a ń pè ní HAL kọ́ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣì ń fò tiwọn wọ inú àwọn ọdún 2020. Ọkọ̀ kan náà ni.

Nígbà tí Nàìjíríà tún ra ọkọ̀ A-29 Super Tucano 12 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ọwọ́ tí a fi mú un yàtọ̀. Páàtì wà nínú àdéhùn náà, bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ lórí ìtọ́jú. A kọ́ ibojì fún àwọn ọkọ̀ náà ní Kainji kí oòrùn má ba wọ́n jẹ́, a sì tún ibi tí wọn yóò dúró sí àti ibi tí a óò ti máa tọ́jú wọn ṣe. Àwọn ọmọ ogun wa 64 ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ibùdó Moody ní ìpínlẹ̀ Georgia. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan: àwọn tí yóò máa tún ọkọ̀ ṣe wà nínú wọn. Ní 2021 ni ọkọ̀ 12 náà dé. Ní 2031 ni wọn yóò pé ọdún mẹ́wàá níbí, ọjọ́ orí tí Jaguar wa kò bá lẹ́nu iṣẹ́.